Pẹ̀lẹ́ Tí Mi Ò Sọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: olóríkunkun ni mí. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, l'Abẹ́òkúta níbí, kò sì sí kíláàsì tí mi ò ti fòfin de "pẹ̀lẹ́." Mo máa ń mú wọn jókòó ní méjì-méjì, kí ọ̀kan sọ ohun tó ń dùn ún, kí èkejì máa gbọ́. Bí omijé bá dé, kí ẹni tó ń gbọ́ dákẹ́, kó ka ení, èjì, dé ẹ̀wá nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá sáré sọ pé pẹ̀lẹ́, ìta ló ń lọ. Mo ní àwa Yorùbá ń fi pẹ̀lẹ́ di ẹlẹ́kún lẹ́nu ni. Ẹ jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tán.

"Ẹ ṣé, mà," ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń wí.

Ìyá mi, tó ta àdìrẹ l'Ówu títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò fara mọ́ ọn. Ó ní irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Ẹni tó kọsẹ̀ lójú títì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á sọ pé pẹ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjà yàtọ̀ sí kíláàsì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé n'Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, oyún tó ti ń wá láti ọdún mẹ́fà bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ó pè mí lọ́sàn-án, mò ń máàkì ìwé lọ́wọ́ nílé mi n'Ìbarà. "Mọ́mì, ó ti lọ," ló wí, ó sì bú sẹ́kún. Obìnrin tí kò rí ẹnu ọ̀nà iléèwé rí á ti sọ fún un pé omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Èmi dákẹ́. Mò ń kà. Mo ti dé ẹ̀jọ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, pẹ̀lẹ́ lásán náà, ẹ ò lè sọ ọ́?"

Kí n tó lanu, ó ti gé fóònù.

Mo pè é títí, kò gbé e. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ó kà á, kò fèsì. Ọkọ rẹ̀ ní kí n ṣì fún un láàyè, ohun tí èmi gan-an máa ń sọ fún àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́. Ilé wá tóbi jù fún mi. Ìrẹsì ife kan kì í tán. Bí mo bá fẹsẹ̀ gbá àga, èmi náà ni mò ń sọ pẹ̀lẹ́ fún ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìpè mi. Mi ò ka ení, èjì.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni mo wí. "Pẹ̀lẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ẹ ṣé, mà."

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, Mọ́mì ló ń pè mí.