Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Tí Mo Rán Fún Ara Mi

Òórùn jáfẹ́ẹ̀lì, omi tí à ń fi fọ aṣọ funfun, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ kan báyìí ní Ekpè. Kí ojú tó rí pìsínì, kí etí tó gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé, imú á ti sọ fún ẹni pé omi ń bẹ nítòsí. Lẹ́yìn náà ni òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lórí ẹyín iná á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti etí òkun wá láàrin àwọn igi àgbọn. Bí ìwọ náà bá ti gba ọ̀nà Sèmè kọjá lọ́jọ́ ìsinmi, wàá ti rí irú ọgbà bẹ́ẹ̀: àtíbàbà oníkoríko, jáńgírọ́fà, àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po, àti orin tí kì í dákẹ́. Ará Kútọnu tó ti fi odindi ọ̀sẹ̀ fa èéfín ọ̀kadà símú, ibẹ̀ ló ń sá lọ kí àyà rẹ̀ lè tú díẹ̀.

Ní ti àwa Nàgó ará Ṣakété tí à ń gbé Kútọnu, ní àdúgbò tiwa, ọjọ́ kejì Iléyá ni ọjọ́ ìgbafẹ́ àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ á wọ aṣọ tuntun, àwọn ìyá á di ẹran tó kù sínú abọ́ onídèérí, ó di Ekpè. Bí a bá sì dé ibẹ̀, iṣẹ́ ìyá kò ju ọ̀kan lọ: kó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kó máa ṣọ́ sálúbàtà àti báàgì. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo lé mi lọ́wọ́, màá sọ ọmọ tó ni ín fún ọ láti ara bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe é, n kò sì bi ara mi léèrè rí bí omi yẹn ṣe ń rí lára àwọn ọmọ tí mo ń ṣọ́ bàtà wọn.

Ní Iléyá kan, ọmọbìnrin wa, ẹnì kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, ń ṣeré ní apá ibi tí omi kò ti jìn. Ojú mi wà lára rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, tí orí rẹ̀ sì wọlẹ̀. Mo dìde, mo sáré dé etí omi tèmi ti báàgì méjì lọ́rùn, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí. Bí mo bá bẹ́ sí i, òkú á di méjì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ pìsínì ló fà á jáde. Ọmọ náà wúkọ́, ó pọ omi, ó sunkún díẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ní òun fẹ́ padà sínú omi. Èmi gan-an ni n kò lè dákẹ́ ẹkún títí a fi délé.

Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láàrin Ṣakété àti Kútọnu, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ́kọ́ jẹun tán, ó fọ ọwọ́, kó tó wí pé, “Láti òní lọ, ọmọ yìí kò gbọdọ̀ dé etí omi mọ́, àfi bí ará ilé yìí kan tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bá wà nínú omi náà pẹ̀lú rẹ̀.”

Ó mọ ohun tó ń sọ. Nínú ẹbí tirẹ̀ àti tèmi, kò sí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ará òkè ni wá. Omi tí a mọ̀ kò ju èyí tí à ń pọn lọ. Ó dà bí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ náà kò bá a jà. Ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bàbá kò láyọ̀, ọmọ kò láyọ̀, ẹni tó sì wà láàrin wọn kò rí ọ̀nà gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ibi tí mo ti ń ránṣọ, mo bá ọmọ yìí tó fi àyà lélẹ̀ lórí tábìlì tí mo ń gé aṣọ lé. Ó di ojú, ó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́n afẹ́fẹ́, àwọn àjákù aṣọ sì ń já bọ́ sílẹ̀ yí i ká. Ó ń lúwẹ̀ẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí wọ egungun. Mo rọra padà sẹ́yìn kó má bàa rí mi, orí ìdúró yẹn náà ni mo ti pinnu pé bí a bá ń wá ará ilé tí yóò mọ omi, a ti rí i.

“Èmi ni màá bá a wọ omi,” ni mo wí fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó máa ń di aṣọ mọ́ mi lọ́rùn bí mọ́tò bá ti gun afárá?”

“Èmi náà ni, Bàbá ọmọ mi.”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. “Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ,” ló wí, ó sì yíjú sí ògiri. Mo dá a lóhùn pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọgbà yẹn máa ń dá páropáro. Àwọn ẹṣin onígi á dúró, ẹlẹ́ja á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbá ilẹ̀. Àkókò yẹn ni obìnrin kan máa ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ ìdílé Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti òkè òkun padà wá, ni, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tàǹtí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ohùn rẹ̀ ga, ìrun orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ń sọ Nàgó ìyá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú Faransé nínú bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

“Kí lo wá ṣe?” ló bi mí.

“Mo wá kọ́ omi wíwẹ̀, Tàǹtí. Nítorí ọmọ mi ni.”

“Ọmọ rẹ dà?”

“Ó wà nílé ìwé.”

“Èmi kò rí ọmọ kankan níbí. Ìwọ ni mo rí. Wá aṣọ tó tọ́, kóo padà wá. Wọn kì í fi ìró wọ pìsínì.”

Musulumi ni mí, n kò sì lè tú ara mi sílẹ̀ níwájú ayé, ṣùgbọ́n ṣé aránṣọ ló máa wá aṣọ tì? Mo gba ọjà Missèbo lọ, mo tú ìdì òkúùta, aṣọ àlòkù, títí ọwọ́ mi fi ba aṣọ àwọn eléré ìdárayá, irú èyí tó máa ń fà tí kì í sì í gba omi sára. Mo tú wọn palẹ̀, mo gé wọn, mo fi rán ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù tó bo orúnkún àti ìbòrí tó lẹ̀ mọ́ etí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé aṣọ tí kò ní aṣọ nínú, ìhòòhò ló wà. Nítorí náà mo wá aṣọ òwú tó dára, tó nípọn, mo fi tẹ́ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí ohunkóhun má bàa hàn. Mo gbé e kọ́, mo wò ó, orí mi wú. N kò rí aṣọ odò tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wọ omi pẹ̀lú rẹ̀. Kò ju ìbàdí lọ níbi tí mo dúró sí. Tàǹtí ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè, kí n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, òun á gbé orí mi. Mo gbé ẹsẹ̀. Òwú ọ̀hún ti mu omi yó. Aṣọ náà wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, ó sì fà mí lọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan. Mo ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀, mo ń fi ẹnu wá afẹ́fẹ́, omi ni mo ń rí ní ibi méjèèjì. Tàǹtí gbá mi lápá, ó gbé mi nàró, ó sì fọwọ́ kan etí ẹ̀wù mi tó ń ṣàn bí òjò.

“Ta ló rán aṣọ yìí fún ẹ?”

“Èmi ni.”

“Kí lo ṣe fún ara rẹ tóo fi bínú sí i tó báyìí?”

Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di etí pìsínì mú. Ojú tì mí, inú sì bí mi, ó bí mi sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó bí mi sí ọ̀gá mi tó ti kú. Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò jẹun, mo mú abẹ́ tín-ín-rín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú inú aṣọ náà ní okùn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo aránṣọ mọ̀ pé títú ju rírán lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tú u ni inú mi ń rọ̀. Ohun tó dára lórí ilẹ̀ lè pa ènìyàn nínú omi. Ìyẹn kò sọ pé ọ̀gá mi purọ́, ó kàn jẹ́ pé òun náà kò dé inú omi rí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ. Aṣọ náà fúyẹ́, ṣùgbọ́n ara mi kò tíì fúyẹ́. Ọwọ́ aránṣọ kì í sinmi, ohun tó bá bá ló ń dì mú. “Omi kì í ṣe aṣọ,” ni Tàǹtí máa ń pariwo. “Má fà á!” Mo fà á. Mo mu ún. Ó wọ mi létí, mo fi ọjọ́ méjì gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga. Òjò rọ̀, mo lọ. Àwọn kan ládùúgbò ní ìyàwó onímọ́tò ti ń yọ́ jáde lọ Ekpè láàárọ̀, wọn kò mọ ohun tó ń wá. Mo jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́nu bí obì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ó wá di ọjọ́ kan tí mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tí mo ń wo imọ̀ àgbọn lókè, tí mo sì ń dúró kí Tàǹtí wí fún mi pé òun fẹ́ yọ ọwọ́. Nígbà tí n kò gbọ́ nǹkan kan, mo yíjú. Tàǹtí ti jókòó sí etí pìsínì, ó ń bó ọsàn jẹ. Omi nìkan ló gbé mi. Mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì rántí pé bí mo bá ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, màá rì. Mo wá sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́, omijé ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú mi wọ inú pìsínì. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ náà yá.

Nígbà tí Iléyá tún dé, ọkọ mi ní òun ń bá wa lọ. Kò bá wa lọ rí. Kò sọ ìdí, n kò sì bi í. Nígbà tí a débẹ̀, mo di ọmọbìnrin wa lọ́wọ́ mú, a sọ̀kalẹ̀ níbi tí kò jìn, a sì ń lọ títí ilẹ̀ fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ yára. “Màmá, n kò kan ilẹ̀ mọ́.” Mo ní, “Èmi náà kò kàn án.” Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó wá tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó gbá omi, mo sì tẹ̀ lé e, ní bíi nína apá kan sí i, títí a fi di etí kejì mú. Inú mi dùn púpọ̀. Mo wo òdìkejì. Ọkọ mi ti dìde kúrò lábẹ́ àtíbàbà. Ó dúró gan-an sí etí omi, báàgì wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ojú rẹ̀ sì ti ṣú bí ẹni tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí èmi náà ṣe rí lọ́jọ́sí.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, ọmọ ti sùn sórí ìjókòó ẹ̀yìn. A ti kọjá Ekpè dáadáa, ọkọ mi ń wa ọkọ̀. Ọ̀nà ló ń wò nígbà tó bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré pé, “Tàǹtí yẹn, ṣé kì í gba ọkùnrin?”

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ní màá bi í léèrè.

Gbogbo ọdún yẹn ni mo ti rò pé òfin ni ọkọ mi fi lélẹ̀, tí mo sì ń fi gbogbo agbára mi bá òfin náà jà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí bàbá ilé ṣe ń sọ ọ́, ló fi pàṣẹ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹni tó fẹ́ràn mi bá wí fún mi pé, “O kò gbọdọ̀,” mo kọ́kọ́ máa ń wo ojú rẹ̀ bóyá ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rù ń ba òun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kì í bá a jà mọ́. Màá lọ kọ́ nǹkan tó ń bà á lẹ́rù náà, màá sì padà wá mú un lọ́wọ́.