Ìṣó Mẹ́rin tí Mo Kàn Mọ́ Ilé Olórùlé Márùn-ún

Òórùn pákó àfàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló máa ń rán mi létí ìwà òmùgọ̀ kan tí mo hù ní Ìkẹjà láyé SAP, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra. Di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ sọ́míìlì kọjá ní Agége, tí òórùn yẹn bá gbá mi nímú, ojú ara mi á kọ́kọ́ tì mí. Ìṣó mẹ́rin ni mo kàn mọ́ ohun tí kò bèèrè ìṣó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Káfíńtà ni mí nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páànù. Àpótí tí wọ́n ń kó páànù sí ni mò ń kàn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ìṣó kíkàn bú mi: bí hámà mi bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìṣó ti wọlé nìyẹn. Àwa márùn-ún la wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tí irin kò rí òkun sọdá mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ orúkọ mára géètì lọ́sàn-án Jímọ̀. Ẹni tó bá rí orúkọ ara rẹ̀, kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Ó wá ku èmi àti ọ̀gá wa, bàbá Ìjẹ̀bú kan tí ẹnu wọn mú ju ayùn lọ. Àwọn náà ni wọ́n máa ń fa orúkọ ẹni tó máa lọ kalẹ̀. Ìyàwó mi sì lóyún. Ní gbogbo Jímọ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí géètì bí ẹni tó ń so okùn bàtà, kí n lè fi ẹ̀gbẹ́ ojú ka orúkọ. Bàtà mi kò sì ní okùn.

Ẹnjiníà kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà ará Japan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n wá bójú tó ti dákẹ́, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Ilé gogoro kan tí wọ́n fi igi ṣe wà ní ọ́fíìsì wọn, ó ga tó ìbàdí mi, òrùlé márùn-ún gun ara wọn lórí, etí òrùlé kọ̀ọ̀kan sì yọ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fẹ́ fò. Wọ́n ní kí n kan àpótí fún un.

Ọjọ́bọ̀ ni. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó mì. Mo fi ìka tì í, òrùlé òkè lọ sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e lọ sósì. Mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kò sí ìṣó kan ṣoṣo. Mo ní, àbí SAP ti dé Japan náà ni? Àánú wọn tiẹ̀ ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà mí: bó bá fọ́ lójú ọ̀nà, àpótí mi ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ni mo bá mú ìṣó kéékèèké mẹ́rin, mo kàn wọ́n mọ́ ibi tí òrùlé kọ̀ọ̀kan ti gun èkejì gbagidi. Mo tún tì í. Kò mì mọ́. Mo súfèé.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa wọlé. "Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Mo ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, sà."

"O ran Japan lọ́wọ́." Wọ́n wo ilé náà, wọ́n wo ojú mi. "Lọ máa so okùn bàtà rẹ, ọ̀la ni Jímọ̀."

Àṣé wọ́n ti mọ̀ nípa okùn bàtà yẹn láti ọjọ́ yìí. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹnjiníà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò pariwo. Wọ́n mú ẹ̀mú, wọ́n fa ìṣó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí mi látẹ́lẹwọ́. Mo rò pé gbogbo ohun tí wọ́n máa fi sìn mí délé nìyẹn.

Àfi bí wọ́n ṣe jókòó sílẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú igi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé náà. Ọ̀rẹ́ mi, mo gbàgbé ẹ̀rù. Igi ló fi eyín di igi mú, bí ìka ọwọ́ méjì tó kọ́ra. Òpó kan dá dúró láàárín, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò gbé òrùlé kankan rù. Wọ́n ní ilé ìsìn kan ní ìlú àwọn ni wọ́n wò ṣe é, ti gidi sì ti dúró ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń mì tìtì. Bí ilẹ̀ bá mì, ilé náà á bá a mì, àjà yìí síbí, àjà yẹn sọ́hùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ bá sinmi, òun náà á sinmi. Bí ibì kan bá jẹrà, wọ́n á gé ibẹ̀ nìkan, wọ́n á fi igi tuntun gbà á. Mo gbìyànjú láti ro ẹgbẹ̀rún ọdún, mi ò rí ibi tí n ó gbé ẹsẹ̀ lé. Èmi tí àpótí mi kì í pé oṣù mẹ́ta láyé.

Mo rí ohun tí wọ́n fi tàdáwà kọ sí abẹ́ òrùlé kan. Mo bèèrè. Wọ́n ní orúkọ bàbá bàbá wọn ni, àti ti bàbá wọn, káfíńtà ilé ìsìn làwọn méjèèjì. Ẹni tó bá tún un ṣe á kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí ojú kò ti lè rí i. Káfíńtà tó bá tú u lọ́jọ́ iwájú nìkan ló máa kà á.

Wọ́n ní kí èmi tò ó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣì í tò kó tó di ara rẹ̀ mú. Mo po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù láti fi dí ojú ìṣó mẹ́rin yẹn, ẹnjiníà di ọwọ́ mi mú.

"Má dí i," wọ́n ní. "Ẹni tó bá tú u lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé o débẹ̀. Orúkọ tìrẹ nìyẹn."

Ọ̀gá wa dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo bá kàn, àní ìjókòó ìdáná, mo máa ń kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀, mo sì máa ń ṣe é bí ẹni pé káfíńtà kan ń bọ̀ wá yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn ikú mi. Iṣẹ́ ti wá yàtọ̀ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ojo kì í tán lára ojo. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án Jímọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ síbi géètì, mò ń so okùn tí kò sí. Ọ̀gá wa ń kọjá lọ, wọ́n fi orí bàtà kàn mí nídìí.

"Dìde ńlẹ̀," wọ́n ní. "Orúkọ rẹ ti ń lọ sí Japan, kí lo tún ń wá lára géètì?"