Díìsìkì Inú Ọ̀rá

Ẹ jẹ́ ká gbé oríyìn fún láminéètì, ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ọgbọ́n tó wọ ìlú Ìkirè láyé tèmi. Àwọn baba wa fi amọ̀ mọ ilé, òjò wó o. Wọ́n fi koríko ṣe òrùlé, iná jó o. Àwa ọmọ wọn ni Ọlọ́run fi ọ̀rá hàn, ọ̀rá dídán tí í gba inú ẹ̀rọ gbígbóná kọjá, tí í sọ ìwé lásán di ohun tí omi kò lè rin, tí ikán kò lè jẹ, tí ọwọ́ ọ̀tá kò lè ya. Ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá wọ inú ọ̀rá. Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ wọ̀ ọ́. Mo mọ àgbẹ̀ kan ní Ìkòyí ẹ̀bá Apòmù tó láminéètì rìsíìtì alùpùpù rẹ̀, tó sì ń gbé e lọ sóko lójoojúmọ́, bí ẹni pé ẹtu lè dá a dúró lójú ọ̀nà kó ní kó mú ìwé ọkọ̀ wá. Ẹni tí kò bá ní ohun kan nínú ọ̀rá lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, a máa ń rò ó pé bóyá ni ilé ayé ti gbọ́ nípa onítọ̀hún.

Bí láminéètì bá jẹ́ ìjọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Ìyá Ìjọ. Tíṣà ni ní Apòmù kó tó relé ọkọ ní Ìkirè. Nígbà tí iṣẹ́ tíṣà sú u, ó ṣí ìsọ̀ kan síwájú ilé ọkọ rẹ̀, ó pè é ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Tápúráítà ló kọ́kọ́ ní, lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀rọ láminéètì. Nígbà tí ọdún 1990 àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń kógbá sílé, ọkọ rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà kan fún un láti Ìbàdàn. Oníṣòwò obì ni ọkọ yìí, Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Kò fi inú dídùn rà á. Òun ò rí iṣẹ́ tí àpótí tó ń tan iná fẹ́ ṣe tí tápúráítà ò ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àpótí náà ti dé ni gbogbo àdúgbò ti ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ránṣẹ́ sí mi ní Apòmù pé kí n wá kíákíá. Èmi ni mo lọ yunifásítì nínú ilé wa. Lójú àwọn ará ilé, ẹni tó lọ yunifásítì mọ gbogbo nǹkan, bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin ilẹ̀ dé orí wáyà iná.

Bí mo ṣe ń dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Àlàájì ń jáde lọ sí Ìbàdàn. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Yunifásítì, o káre. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti pa kọ̀ǹpútà. Bí n bá dé nírọ̀lẹ́ tí kò bá tíì jí, mo máa tà á, mo sì máa fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ata. Ẹ̀rọ ata kì í sọ pé òun ò mọ ẹni tí òun jẹ́."

Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí àpótí náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Kò sí ohun tó burú nínú ata lílọ̀, gbogbo wa là ń jẹ ata. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà fún odidi ọdún kan, bí wọ́n bá jí lọ́la tí wọ́n ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́rọ, kò ní lè gba iwájú àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́.

"Kí lẹ ṣe fún un?" ni mo bi í.

"Kí ni mo ṣe fún un? Ìmọ́tótó ni mo ṣe."

Ẹni tó bá gbé ayé nígbà náà mọ̀ pé ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde títí aago mẹ́wàá àárọ̀. Gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gbá àyíká rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbá ìsọ̀, ó kó gọ́tà, ó rí i pé aago mẹ́wàá kò tíì lù. Ló bá ṣí kọ̀ǹpútà, ó ní òun á gbá inú òun náà.

"Àwọn kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ rí," ló wí. "Orúkọ wọn ò ní ìtumọ̀. Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ wọ́n. Mo kó wọn dànù."

"Ẹ kó wọn dà síbo?"

"Síbi tí kọ̀ǹpútà ń kó pàǹtí sí. Mo sì da pàǹtí ọ̀hún nù. Àbí o fẹ́ kí n fi pàǹtí sílé lọ́jọ́ ìmọ́tótó ni?"

Mo wá àga, mo jókòó. Ohun tó gbá dànù ni Wíńdòòsì, ètò ìpìlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà náà fi ń jí, tó fi ń mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni òun. Mo ní kò burú, a ó tún un fi sí i. Mo ní kó mú díìsìkì roboto tí Wíńdòòsì wà nínú rẹ̀ jáde, èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti Ìbàdàn.

Ojú rẹ̀ là. Ó wọ pálọ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tó ń kó àwo tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹun sí, ó sì gbé díìsìkì náà wá tìyìtẹ̀yẹ. Ó ti láminéètì rẹ̀. Ooru ẹ̀rọ ti ká a kò, ó ṣe kẹ́rẹ́bẹ́ bí ìpékeré tó pẹ́ nínú epo. Ọ̀rá sì lẹ̀ mọ́ ọn tinú tẹ̀yìn.

"Kí eruku má bàa wọ̀ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i wò. Díìsìkì kan ṣoṣo tó lè jí kọ̀ǹpútà ni obìnrin yìí sè.

Ibẹ̀ la wà tí injiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pe òun náà, kí ọ̀ràn má bàa wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ọjà ni, ó wọ táì nínú ooru ọ̀sán, ó sì gbé àpò aláwọ kan tó jẹ́ pé díìsìkì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó ki díìsìkì ọ̀hún bọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà yí i, ó yí i, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́.

"Fáírọ́ọ̀sì ni," ni injiníà wí. Kò tilẹ̀ wo ibì kankan. "A máa fọ inú rẹ̀ mọ́ pátápátá ni, ká tó wá díìsìkì mìíràn lọ sí Ìbàdàn."

"Ìbéèrè ìdánwò tí mo tẹ̀ fún àwọn tíṣà Apòmù ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Màdáámù, a kì í fọ aṣọ ká fi ìdọ̀tí sílẹ̀."

"Iṣẹ́ mi lo pè ní ìdọ̀tí?"

"Mi ò pè é bẹ́ẹ̀, mà."

"O pè é. Àbúrò mi gbọ́."

Èmi ni mo là wọ́n. Mo ní ká kọ́kọ́ wá ìbéèrè ìdánwò náà kó, kí ẹnikẹ́ni tó fọ nǹkan kan. Ní yunifásítì, mo ti jókòó nínú kíláàsì kọ̀ǹpútà fún sáà kan, nítorí pé yàrá yẹn nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun kan tí mo rántí níbẹ̀ ni pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń tají, ó lè fún wa ní ojú dúdú tí a fi ń tẹ àṣẹ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú dúdú yọ.

"Àwọn ará àtijọ́ ló ń lo ìyẹn," ni injiníà wí, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn.

A rí ìbéèrè ìdánwò, a dà á kọ sínú fúlọ́pì, díìsìkì kékeré onígun mẹ́rin. Níbi tí mo ti ń wò yí ká ni mo ti rí fódà kan, àpò tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tó kún dẹ́múdẹ́mú. Mo wo inú rẹ̀, mo tún un wò. Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà ti da gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì kọ síbẹ̀ kó tó tà á. Díìsìkì ti jóná, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wà nínú ilé látọjọ́ yìí. Bí a bá sì ti jẹ́ kí injiníà fọ aṣọ rẹ̀ ni, tòun tìyẹn ló máa bá omi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò kó eléyìí dànù?"

"Aago mẹ́wàá ti lù," ló wí.

Mo tẹ àṣẹ, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó ní ká mú nọ́ńbà gígùn tó wà lára ìwé pélébé tó bá díìsìkì wá. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, torí mo ti mọ irú ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún wọ pálọ̀. Ìwé náà ti wọ ọ̀rá ní pípadé, kò lè ṣí mọ́ títí ayé. Àwọn ìwé mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni òjò ti jò sí lára ní òjò tó kọjá, wọ́n ti di ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èyí ń dán gbinrin, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sí ọ̀kan tó parẹ́.

"O rí i?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo ní kó kà á. Ó kà á bí ẹni ń ka orúkọ àwọn tó yege.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Àlàájì dé. Ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, ó yọjú. Kọ̀ǹpútà ti jí, àwòrán àwọsánmà Wíńdòòsì wà lójú rẹ̀. Injiníà tún táì rẹ̀ ṣe.

"A ti borí fáírọ́ọ̀sì náà, sà."

Àlàájì ti mú díìsìkì kíká náà lórí tábìlì, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Kí lèyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Ọ̀rá náà ló dáhùn.

"Kò sí ẹ̀rọ ata mọ́," ni Àlàájì wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún mi. Èwo ló jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ pa mọ́, iná ló máa fi yan án? Yunifásítì, ìwọ lo kàwé. Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè, ó wò mí, mo sì pa ẹnu dé.

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi wà lára ògiri pálọ̀ mi ní Apòmù. Ilé iṣẹ́ kan ti ní kí n mú un wá kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, òǹtẹ̀ náà kò mú. Inú ọ̀rá ló wà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ní kó bá mi láminéètì rẹ̀.