Laptop Mi Tì Pa, Ohùn Alhaja sì Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láìpẹ́ yìí. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́, bí mo bá fẹ́ tan laptop mi, àyà mi ṣì máa ń já. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Festac. Laptop tí mo fi ń ṣe é kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tó nípọn tí àwọn ọ́fíìsì òyìnbó máa ń lò kí wọ́n tó tà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti pààrọ̀ keyboard rẹ̀, mo ti fi mẹ́mọ́rì kún un, mo sì ti lẹ orúkọ iṣẹ́ mi mọ́ ọn lẹ́yìn gàdàgbà.

Alhaja kan wà ní Alákijà tó ń ta mílíìkì, ṣúgà, gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n gbé kámẹ́rà wá. Ó ní kí gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá, ó ku èmi àti òun. Ó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú kámẹ́rà, ó ń dárúkọ wọn. Nígbà tó parí, ó ní kí n ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ, ó di ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ òun, tí gbogbo wọn bá pé jọ. Mo ní Alhaja, ẹ máa dìde ni. Ó kàn wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kò pẹ́ sí i ni Alhaja lọ.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni Àǹtí Sìdí. Òun àti ìyá rẹ̀ ti ní gbólóhùn asọ̀ ṣáájú àìsàn yẹn, wọn ò sì tíì parí rẹ̀ tí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tó máa fi dé láti Ìlọrin, wọ́n ti sin Alhaja. Ọjọ́ gbogbo ló ń pè mí lórí fóònù.

“Títí, ṣé ọ̀rọ̀ màmá mi wà lọ́wọ́ ẹ dáadáa? Ṣé kò ní bàjẹ́?”

Mo máa ń ní, Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í bi mí léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá òun bá ìbínú òun lọ sí kòtò.

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi wá ṣe. Ọjọ́ àdúrà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo rò ó pé gbogbo ẹbí ni yóò wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ Alhaja ńkọ́? Mo ní, kí ló dé tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop yìí á fi máa yọ bí mo bá tàn án, tí kì í ṣe logo tèmi? Mo rí ẹnìkan tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí ayélujára. Mo wọ inú ètò ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà lọ́hùn-ún, mo tẹ èyí, mo pa tọ̀hún. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Mo tún tàn án. Ojú rẹ̀ di búlúù. Ó ní òun ti ti gbogbo nǹkan tó wà nínú òun pa, àfi kí n fún òun ní nọ́ńbà gbọọrọ kan tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Kọ́kọ́rọ́ wo? Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rí?

Mo pa á, mo tàn án. Búlúù. Mo yọ bátìrì, mo dá a padà. Búlúù. Òógùn bò mí nínú AC. Mo sáré wá memory card kámẹ́rà mi, ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo ti nù ún kí n lè fi ya ìkómọ kan. Kò sí ibòmíràn tí ohùn Alhaja wà lórí ilẹ̀ ayé yìí! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lóòótọ́, mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Mo lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́ lẹ́nu mi? Wọ́n á ní mo pa irọ́ mọ́ òkú.

Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Second Avenue. Ó wò ó fìrí, ó ní kò sí wàhálà. Ó ti flash bọ̀ ọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀ ni mo bi í pé kí ló ń ṣe.

“Àǹtí, I wan format am. Kíá ló máa tàn.”

“Ṣé àwọn fídíò mi á ṣì wà níbẹ̀?”

“Fídíò kẹ̀? Gbogbo ẹ̀ á lọ nù.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo fa flash yẹn yọ! Mo kígbe débi pé ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò bínú. Ó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn máa wà nínú email tí wọ́n fi ṣí laptop náà níjọ́ àkọ́kọ́, kí n lọ wò ó níbẹ̀.

Orí mi wú. Kì í ṣe email mi ni wọ́n fi ṣí i.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Níjọ́ tí mo rà á ní Apple Junction, Ẹnjiníà Wàsíù tó tà á fún mi bi mí léèrè email mi. Mi ò rántí password, mo sì ń kánjú. Mo ní Bọ̀dá Wàsíù, ẹ bá mi fi tiyín ṣí i. Ó ní kò burú, bẹ́ẹ̀ lòun ń ṣe é fún gbogbo kọ́sítọ́mà. Mo tiẹ̀ dúpẹ́!

Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo dé Apple Junction, lọ́fínńdà ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta chárjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló ní Ẹnjiníà ti kó lọ sí Kuje tó wà nítòsí Festac níbí, ó júwe ilé fún mi. Bí mo ṣe ń lọ ni Àǹtí Sìdí ń pè. Mi ò lè gbé e. Mo ń wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù títí ó fi gé.

Mo bá Ẹnjiníà nílé. Mo kúnlẹ̀ kí n tó ṣàlàyé. Ó họ orí, ó ní òun ti gbàgbé password email yẹn. Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́! Àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ní, àbí kì í ṣe email yẹn ló ṣì wà lórí táblẹ́ẹ̀tì tí òun ń lò?

Wọ́n gbé táblẹ́ẹ̀tì wá. Kọ́kọ́rọ́ oríṣiríṣi ló kún inú email yẹn, ti gbogbo èèyàn tó ti bá ṣí laptop. A wá tèmi títí a fi rí i. Mo ń tẹ nọ́ńbà, ìyàwó rẹ̀ ń kà á. Laptop tàn! Mo ṣí fídíò, ohùn Alhaja jáde. Mo bú sẹ́kún.

Ìyàwó Ẹnjiníà bá ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, màmá yìí! Ṣé ó ti kú ni? Ó máa ń yọ sórí táblẹ́ẹ̀tì yìí. Mo ti wò ó títí, mo máa ń sunkún.”

Omijé dá lójú mi. Gbogbo ohun tí mò ń kó sójú laptop mi ló ti ń lọ sínú email wọn. Ọ̀rọ̀ tí Alhaja ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, àlejò ti gbọ́ ọ ṣáájú ọmọ! Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ò mọ̀, ojú tì í. Ó pa á rẹ́ kúrò lórí táblẹ́ẹ̀tì lójú mi, lẹ́yìn tí a ti já email rẹ̀ kúrò lára laptop mi.

Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Alhaja ń bà mí. Mo lọ bá Àǹtí Sìdí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń retí kó gbá mi létí.

Kò gbá mi. Ó wá ní, “Obìnrin tó gbọ́ ọ yẹn, ṣé ó gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀?”

Mo mọ ìlérí tí mo ṣe. Mi ò lè pa á mọ́ fún un mọ́.

“Àǹtí, orúkọ yín ló kọ́kọ́ pè. Ó fo gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Ó ní òun ò bá yín bínú, kí ẹ̀yin náà jọ̀ọ́, kí ẹ má bá òun bínú.”

Ó di mọ́ mi, ó ń ké bí ọmọdé. Lọ́jọ́ àdúrà, nígbà tí mo tan laptop, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló yọ, kò sì sẹ́ni tó wò ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó fi email ẹlòmíràn ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀ fún un, bí onítọ̀hún tiẹ̀ jẹ́ èèyàn rere. Ẹ da ohun tí ẹ ò fẹ́ pàdánù kọ sí ibi méjì. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọjọ́ kẹjọ kí ọmọ tó gbọ́ pé ìyá ti dárí ji òun. Tiyín ńkọ́? Email ta ló wà lórí laptop yín báyìí? Ẹ lọ wò ó, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún mi.