Irun Tèmi àti Onílé Wa ní Genova

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú èmi àti ọmọ mi rí nígbà tá a lọ najú ní Genova, ìlú etí òkun kan ní Ítálì níbí. Lọ́jọ́ tí mo gbé fọ́tò òkun síta, gbogbo yín ń kọ "ẹ kú ìgbádùn", ẹ ò mọ̀ pé àyà mi ṣì ń lù kìkì!

Piacenza là ń gbé. Inú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń di ẹrù táwọn èèyàn bá rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi obìnrin, Tèmi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojoojúmọ́ ló sì ń rojọ́ fún mi pé gbogbo ọmọ kíláàsì òun ló ti wẹ̀ nínú òkun, àfi òun. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ferie, ìsinmi ọdún, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, a ó lọ wo òkun. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ráyè. Èmi àti Tèmi la wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ibi tá a máa sùn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun? Ẹ má wulẹ̀ dábàá rẹ̀! Mo wá rí yàrá kan nínú ilé ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé lórí òkè, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Signora Ines. Yàrá náà mọ́ tónítóní nínú fọ́tò, wọ́n ní èèyàn á máa wo òkun lójú fèrèsé, oúnjẹ àárọ̀ wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Kí lẹ rò pé mo kọ́kọ́ sọ? Mo ní irọ́ ni! Ta ló ń ta ohun tó dáa ní pọ́ọ́kú láìní ìdí?

Ṣùgbọ́n mo gbà á, nítorí ọmọ.

Òkè ni gbogbo Genova, ẹsẹ̀ èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ká tó dé ilé wọn, a wọ ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, táwọn ará ìlú ń wọ̀ bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì. Signora Ines ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ jù lójú tèmi. Wọ́n gba documenti wa, ìwé ìdánimọ̀, wọ́n ní òfin ni. Mo mọ̀ pé òfin ni lóòótọ́, gbogbo àlejò ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá bi mí pé bàbá ọmọ ńkọ́? Ìyẹn tún wà nínú òfin ni? Mo fèsì pé wọ́n wà níbi iṣẹ́, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Ẹ sì wò ó o, bí mo ṣe ń fura sí wọn tó, "wọ́n" ni mo ṣì ń pè wọ́n. Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ò ní gbà fún mi láti ṣe bí mo ṣe fẹ́!

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Àwa ìyá tá à ń tọ́mọ níbí, ẹ̀rù kan wà lára wa tá kì í sọ síta. Ìyẹn ni ẹ̀rù assistente sociale, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Sister Bùkọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí fóònù. Wọ́n ní ká ṣọ́ra, pé ìyá kan ní Torino kàn pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ ni, aládùúgbò pe ìjọba, wọ́n sì wá gba ọmọ náà lọ. Mi ò mọ ìyá náà. Sister Bùkọ́lá gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ wo ẹja ńláńlá ní ilé ẹja tó wà ní èbúté, a rìn wọ inú àwọn òpópónà tóóró tí oòrùn kì í dé, a padà sílé lọ́sàn-án. Mo ní kí n yáa bá Tèmi dirun kó lè rẹwà nínú fọ́tò, torí ọ̀la la fẹ́ lọ sí Boccadasse, níbi tí èèyàn ti lè rìn wọ inú omi. Mo tú irun, mo fi òróró sí i, mo ki òòyà bọ̀ ọ́.

"Ahia! Mamma, basta! Mi fai male!" Ó ń ké pé ó tó, mò ń ṣe òun léṣe.

Ta ni ò mọ igbe yẹn nínú yín? Àwa náà ké e láàárín itan ìyá wa, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ṣùgbọ́n fèrèsé ṣí sílẹ̀ o! Kò pẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Signora Ines ni. Wọ́n wo òòyà ọwọ́ mi, wọ́n wo omijé ojú ọmọ, wọ́n bi mí bóyá kò sí wàhálà. Mo ní kò sí. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Tèmi wá jẹ focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóróró, nílé ìdáná. Ṣé mo lè ní kó má lọ? Bí mo bá kọ̀, ṣebí ẹ̀rí nìyẹn!

Mo rọra tẹ̀ lé wọn, mo fara ti ògiri. Mò ń gbọ́ èdè Ítálì, sísọ ọ́ ni kò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ń bi ọmọ mi bóyá ó ń bẹ̀rù màmá rẹ̀. Ẹ gbà mí! Mi ò gbọ́ èsì Tèmi, torí focaccia ti kún un lẹ́nu. Nígbà tó dé yàrá, mo ní kí lo sọ fún wọn? Ó ní, "Niente, mamma." Kò sí nǹkan kan! Láìpẹ́ mo gbọ́ tí Signora ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n dárúkọ ọmọ náà, wọ́n sì ní kí onítọ̀hún wá láàárọ̀ ọ̀la.

Mo pe ọkọ mi, Bàbá Tèmi, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo? Mo fi irun sílẹ̀ ní ààbọ̀ kí ọmọ má baà tún ké, mo di ẹrù wa, mo ní àárọ̀ la ó lọ. Tèmi bú sẹ́kún pé a ò tíì fọwọ́ kan òkun. Mo ní kó dákẹ́, kí wọ́n má gbọ́.

Láàárọ̀, mo dé fìlà fún ọmọ lórí irun ààbọ̀, mo gbé báàgì. Bí mo ṣe ní kí n ṣílẹ̀kùn àbájáde, obìnrin kan ló dúró níwájú mi, awò lójú, báàgì dúdú lọ́wọ́. Mo fa Tèmi sẹ́yìn mi. Mo fi gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá assistente sociale ni.

Ó ní rárá, eyín lòun ń tọ́jú. Dókítà eyín! Ọmọ Signora ni. Ó ní màmá òun gbọ́ igbe, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n wá ní kóun wá bi mí lójúkojú torí òun gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

"Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni?" Ó ti wá sí wọn lọ́kàn lóòótọ́ nìyẹn! Mo wo Signora, wọ́n wolẹ̀.

Mi ò bá wọn jà. Mo jókòó, mo fi Tèmi sáàárín itan mi, mo parí irun náà lójú wọn. Ó ké "ahia", ó tún béèrè focaccia, ó tún ké. Signora ń fọwọ́ gbá àyà mú. Nígbà tí irun pé, Tèmi sáré lọ wo dígí, ó ń jó. Omi lé ròrò sójú Signora, wọ́n bẹ̀ mí. Mo ní kí ọmọ wọn bá mi túmọ̀ rẹ̀ pé èmi ló yẹ kí wọ́n bi, kì í ṣe ọmọ mi. Wọ́n ní èmi náà ì bá ti sọ fún àwọn. Mo gbé báàgì wa padà sí yàrá.

A lọ sí Boccadasse. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún etí omi níbẹ̀, Tèmi wọ inú òkun títí dé orúnkún, ó ń pariwo ayọ̀. Mo wá bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló dá Signora lóhùn nígbà tí wọ́n ní ṣé ó ń bẹ̀rù mi.

Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Io no. È la mamma che ha paura." Òun ò bẹ̀rù o, màmá òun ló ń bẹ̀rù.

Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún díẹ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìfura loògùn àgbà, mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Mo ṣì ń fura! Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gba yàrá nílé onílé, tẹ́ ẹ sì fẹ́ dirun ọmọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún onílé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri bíi tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lojú yín ti rí nílé àlejò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe ọmọ yín, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló rò pé ẹ̀yin ń bẹ̀rù. Ó mọ̀ ọ́n.