Ìyá Dákẹ́ àti Àgbọ̀nrín Tí Kò Gbọdọ̀ Fẹ́ràn Ènìyàn

Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ ìwé tí ó kẹ́yìn nínú ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kọ́kọ́ pàdé Ìyá Dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé wa ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ni ó mú mi lọ síbi tí a ti pàdé. Àǹtí mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ara wọn kò gba ìjókòó lásán. Nítorí náà, wọ́n máa ń lọ fọ aṣọ ìnura àti aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí tí igbó sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn sá aṣọ títí èsì ìdánwò mi yóò fi jáde, kí n yé nà gbalaja sórí àga bàbá mi láti àárọ̀ dé alẹ́.

Bí a ti ń wọ ẹnu ọ̀nà, obìnrin kan ń bọ̀ níwájú wa. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú tí ó bò wọ́n láti ọrùn dé kókósẹ̀, wọ́n sì gbé ìgò wàrà dání. Mo kí wọn tìtẹríba-tìtẹríba gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Wọn kò dáhùn. Wọ́n fi ìka kan ètè wọn, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni pé mo jí nǹkan, wọ́n sì kọjá lọ sí ọgbà ẹ̀yìn.

Àǹtí mi pòṣé. “Ìyá Dákẹ́ nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Má bínú sí i. Ẹni tí ọmọ kí tí kò dáhùn, nǹkan kan wà tó ń fi pamọ́.”

Bí ìfura ṣe wọ inú mi nìyẹn, kí n tó mọ ohunkóhun nípa obìnrin náà.

Káfíńtà ilé ìtọ́jú, ọkùnrin aláwàdà kan tí ó máa ń tún àwọn àgò àti ọgbà ṣe, ni ó sọ fún mi pé Ìyá Dákẹ́ kì í ṣe aláìlóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibùdókọ̀ ńlá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà, àwọn náà ni wọ́n sì ń fi gbohùngbohùn kéde ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbéra. Káfíńtà ní bí obìnrin yẹn bá pe èrò lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò rìnrìn àjò pàápàá a gbé àpò rẹ̀. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n fi ibùdókọ̀ sílẹ̀, wọ́n wá di agbálẹ̀ níbí. Dókítà ẹranko, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà, rí i pé ọwọ́ wọn balẹ̀, ó sì fi ìtọ́jú àwọn ọmọ ẹranko tí kò ní ìyá lé wọn lọ́wọ́. Yàrá kan tí ó fara ti ibi ìkóúnjẹ-ẹranko-sí ni wọ́n ń gbé: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, ìkòkò tíì kan, àti fọ́tò ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tí ó ń gbé ní ìlú mìíràn. Ọmọ yìí máa ń pè wọ́n lórí fóònù ní ọ̀sán, a ó sì máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú yàrá. Èyí tún mú kí ara fu Àǹtí mi sí i. Wọ́n ní ẹni tí ó ní ẹ̀rín tó báyẹn lẹ́nu tí kò lè fi “ẹ káàárọ̀” ta ènìyàn lọ́rẹ, ìkà ni.

Ọmọ àgbọ̀nrín kan wà ní ọgbà ẹ̀yìn nígbà náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó pa ìyá rẹ̀ lójú títì, awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ni ó fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wé ọmọ náà wá. Ìyá Dákẹ́ nìkan ni ó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n ta aṣọ nínípọn sí ẹnu àgò, wọ́n dá ihò sí i, ihò yẹn ni wọ́n sì ń ti ọmú ìgò bọ̀ fún ẹranko náà láìsọ ọ̀rọ̀ kan, láìjẹ́ kí ó rí ojú wọn.

Gbogbo aṣọ ilé ìtọ́jú ni a ń fọ̀, àfi aṣọ eérú wọn yẹn. Ní ọjọ́ kan Àǹtí mi na ọwọ́ gbà á. Ìyá Dákẹ́ gbá a mọ́ àyà, wọ́n mi orí, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

“Mo ti fọ aṣọ ilé ìwòsàn títí ọwọ́ mi fi bó,” ni Àǹtí mi sọ fún mi lẹ́yìn náà. “Mo mọ aṣọ tó ń sá fún ọṣẹ. Ẹ fura o.”

A sì fura. Nígbà tí Dókítà rin ìrìn àjò lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá le. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Dákẹ́ jáde láti inú yàrá wọn nínú aṣọ olódòdó, wọ́n we gèlè pupa, wọ́n wọ bàtà tí ó ń dún kókókó. Òórùn lọ́fínńdà wọn ti dé yàrá ìfọṣọ kí àwọn fúnra wọn tó kọjá. Wọ́n ń fi ohùn òkè kọrin, àwọn tí kò bá wa sọ̀rọ̀ rí, wọ́n sì gba ọgbà ẹ̀yìn lọ.

Káfíńtà, tí ó wà lórí òrùlé, ní ọkọ tuntun ni wọ́n lọ pàdé. Àǹtí mi bi í pé ọkọ wo ni ó ń gbé inú àgò. Wọ́n ní oníbàárà ni. Wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé, ẹran sì ti ń tóbi, ta ni kò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń fi ẹran ìgbẹ́ ṣe. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo odi ẹ̀yìn bóyá n ó rí ojú àjèjì.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró agolo láti ẹ̀yìn ọgbà, àti igbe, àti ẹsẹ̀ tí ń sáré. Àǹtí mi fi aṣọ tútù tí ó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n lọ yọjú láàárín pákó méjì. Wọ́n sáré padà wá. Wọ́n ní Ìyá Dákẹ́ ń lé ọmọ àgbọ̀nrín náà kiri, wọ́n ń lu agolo mọ́ ọn létí, wọ́n sì da omi lù ú, títí ẹranko náà fi ká jọ sí igun ọgbà tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní kí a lọ bi wọ́n léèrè. Àǹtí mi kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí a bá bi léèrè yóò ráyè hun irọ́, kí n jẹ́ kí Dókítà dé, kí a ká a mọ́ ibẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ṣàkíyèsí pé Àǹtí mi pàápàá ní nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́. Ní gbogbo ọ̀sán, bí fóònù Ìyá Dákẹ́ bá ti ń dún, Àǹtí mi a ní àwọn ń lọ wo aṣọ tí a sá. Wọn a pẹ́ níbẹ̀. Wọn kì í jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ń gbé wá láti ilé mọ́, síbẹ̀ àpò búrẹ́dì a máa ṣófo. N kò lè bi wọ́n. Ẹni tí ó mú mi wá síbi iṣẹ́ ni wọ́n.

Ọjọ́ kan dé tí agolo dún lẹ́ẹ̀kan tí kò dún mọ́. Gbogbo ọgbà dákẹ́. Ìgbà náà ni Ìyá Dákẹ́ wọ yàrá ìfọṣọ wa fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú aṣọ olódòdó wọn, gèlè wọn ti wọ́. Wọn kò kí wa. Wọ́n mú ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n gbé e sí imú wọn.

“Ta ló ń fọwọ́ kàn án?” ni wọ́n bi mí.

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ojú wọn kò kúrò lójú mi. Wọ́n ní àwọn lu agolo, ẹranko náà kò sá. Ńṣe ni ó rìn wá bá wọn, ó ń fi imú wá inú àpò aṣọ wọn. Àwọn wá gbóòórùn ọrùn rẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ wa ni ó ń rùn. Ọṣẹ náà sì nìyí lọ́wọ́ mi. Mo rí i pé wọ́n ti dá mi lẹ́bi.

Àǹtí mi nu ọwọ́ wọn lára aṣọ, wọ́n bọ́ sí àárín wa.

“Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni. Mo ń fún un ní búrẹ́dì, mo sì ń fọwọ́ pa á lára, nítorí mo rí bí o ṣe ń lù ú.”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò lù ú rí. Ńṣe ni mò ń dẹ́rù bà á.”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Ìwọ tó ò ń fún un ní wàrà?”

“Kò mọ̀ pé èmi ni. Aṣọ eérú yẹn ló mọ̀. Mi ò jẹ́ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mi ò sì fún yín fọ̀ ọ́, kó má baà mọ ohùn èèyàn tàbí òórùn ọṣẹ. Èèyàn tó wọ aṣọ òde, tó fín lọ́fínńdà, tó ń pariwo, irú ẹni yẹn ni mo fẹ́ kó máa sá fún. Irú wọn ló máa bá pàdé nínú igbó, tòun tìbọn.”

“O ò sì sọ fún ẹnì kankan.”

“Ta ló bi mí?” ni Ìyá Dákẹ́ wí. “Gbogbo yín ń yọjú láàárín pákó. Pákó lẹ bi, ẹ ò bi mí.”

Àǹtí mi kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìtàn náà dán jù. Lójú Ìyá Dákẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ti pe Dókítà lórí fóònù, wọ́n sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà. Dókítà ní òótọ́ ni. Òun fúnra òun ni òun pàṣẹ rẹ̀ kí òun tó lọ. Ó ní ẹranko tí ó bá ń rìn tọ ènìyàn lọ, òun kò ní fi sílẹ̀ sínú igbó, nítorí ọdẹ àkọ́kọ́ ni yóò mú un. Inú àgò ni yóò ti gbó, tí yóò sì kú sí. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà igbó yóò ti dí, kò ní sí àyè mọ́. Lẹ́yìn èyí ni Dókítà sọ ohun tí kò sí ẹni tí ó retí nínú wa: agolo Ìyá Dákẹ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ẹranko náà ti fọkàn tán ni ó gbọdọ̀ bà á lẹ́rù.

Àǹtí mi jókòó lórí agbada ìfọṣọ tí a dojú rẹ̀ dé.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ inú ọgbà náà pẹ̀lú agolo àti garawa omi. Èmi àti Ìyá Dákẹ́ dúró lẹ́yìn pákó. N kò mọ̀ bóyá àgbọ̀nrín ni Ìyá Dákẹ́ ń ṣọ́ tàbí Àǹtí mi. Ọmọ àgbọ̀nrín náà rí Àǹtí mi, ó sì sáré wá. Wọ́n lu agolo náà jẹ́jẹ́. Ó mi etí, ó ti imú bọ àpò wọn.

“Lọ,” ni Àǹtí mi ń wí. “Jọ̀ọ́, lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ni,” ni Ìyá Dákẹ́ sọ láti ẹ̀yìn pákó. “Ẹ má bẹ̀ ẹ́.”

Àǹtí mi gbé garawa, wọ́n da omi náà lù ú lójú. Ohùn tí wọ́n fi ń lé àwọn alábẹ̀wò jáde ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n wá fi pariwo mọ́ ọn. “Àsìkò ìbẹ̀wò ti tán! Gbogbo yín, ẹ jáde!” Ẹranko náà fò sókè, ó já sí ìkángun ọgbà, ó ń wò wọ́n. Wọ́n tún lé e. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn pọ́n, wọn kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn títí tí ó fi ń sá bí ó bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn.

Dókítà dé, ó sì dán an wò. Ó ní kí Káfíńtà, tí ẹranko náà kò mọ̀ rí, mú búrẹ́dì lọ́wọ́ kí ó rìn wọlé. Ọmọ àgbọ̀nrín náà sá. Ṣùgbọ́n kí ó tó sá, ó dúró díẹ̀, ó na imú sí búrẹ́dì náà. Mo rí i. Ìyá Dákẹ́ náà rí i, nítorí wọ́n yí ojú sí Dókítà kíá. Dókítà ronú, ó wo ojú ọ̀run tí ó ti ń ṣú, ó sì ní a ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Dákẹ́ àti Dókítà ni wọ́n gbé e lọ. Wọn kò sọ igbó tí ó jẹ́. Àǹtí mi bi Ìyá Dákẹ́ pé ta ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún. Ìyá Dákẹ́ ní, “Ẹ̀yin gan-an ni.” N kò lè sọ bóyá eré ni wọ́n ń ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, awakọ̀ kan tí ó ń kó koríko wá fún wa sọ pé òun rí ọmọ àgbọ̀nrín kan létí títì, tí ó dúró tí ó ń wo ọkọ̀ bí èrò tí ń dúró de tiẹ̀. Àǹtí mi ní àgbọ̀nrín pọ̀ nínú igbó, kí ẹnikẹ́ni má dá àwọn lágara. Ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyá Dákẹ́ bi awakọ̀ náà bóyá ó sá nígbà tí ó fọn fèrè ọkọ̀. Awakọ̀ náà ní òun kò fọn fèrè. Ńṣe ni òun rọra kọjá, kí òun má baà dẹ́rù bà á. Ìyá Dákẹ́ kò bi í ní nǹkan mìíràn. Wọ́n wọ yàrá wọn, nígbà tí fóònù sì dún, a kò gbọ́ ẹ̀rín.

A kò mọ̀ bóyá tiwa ni. Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Bí ẹ bá rí ọmọ àgbọ̀nrín kan tí ó dúró tí ó ń wò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pè é, ẹ má sì ṣe na oúnjẹ sí i. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ pariwo mọ́ ọn, kí ẹ sì lé e padà sínú igbó.