Obìnrin tó ń hun aṣọ òfì fún àáfà

Mo rántí ìgbà tí wọ́n dè mí mọ́lẹ̀ nílé ìtọ́jú kan lẹ́yìn ìlú Ìlọrin, tí wọ́n ní orí mi ti dàrú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà ni. N kì í sùn, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò rí ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀. Àna mi ló mú mi lọ bá àáfà tó ni ilé náà. Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, wọ́n tú mi sílẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ wà lára ìtọ́jú. A roko àáfà, a pọnmi, àwọn ọkùnrin sì ń mọ búlọ́ọ̀kù tó fi ń kọ́lé sí GRA. Èmi òmùgọ̀ gbà wọ́n gbọ́. Mò ń sáré ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ kí wọ́n lè sọ pé ara mi ti yá.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó mọ aṣọ òfì hun. Ara tiẹ̀ ti yá tipẹ́ kí n tó débẹ̀. Ó gbìyànjú láti kọ́ mi, àmọ́ gbogbo èyí tí mo bá hun ló ń wọ́ bí ejò. Ìyàwó àáfà ló ń kó aṣọ rẹ̀ lọ tà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá mú un lọ sílé, àáfà mirí.

"Ẹ ṣe sùúrù. Àlùjọ̀nnú rẹ̀ ò tíì lọ."

 Obìnrin náà mú abẹ, ó gé aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú gbogbo wa.

"Aṣọ ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣé ẹ ti fojú yín rí i?" Àáfà ló bi ẹ̀gbọ́n léèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n sunkún, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Wọ́n na obìnrin náà, wọ́n tún dè é, ibẹ̀ ló kú sí. Èmi tí mi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣe dáadáa, wọ́n tètè dá mi padà sílé.

Láìpẹ́ yìí ni àáfà náà kú. Ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, ó ní kí n wá sọ níbi fídáù bí bàbá òun ṣe wò mí sàn. Mo lọ. Wọ́n gbé makirofóònù fún mi, mo sì sọ ti oko, mo sọ ti búlọ́ọ̀kù. Bí mo ṣe kan obìnrin aláṣọ òfì, wọ́n já makirofóònù gbà lọ́wọ́ mi.

Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Háà! Àìsàn yẹn ti tún dé."

Mo jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà pé kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ bàbá, gbogbo èèyàn ń ṣe àmín. Mi ò ṣe é. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà látọjọ́ náà, mi ò sì tíì ṣe àmín náà.